Ta ló ni "Jingo"? Ìdáhùn fún àbúrò kan tí wọ́n fẹ́ bá jà níbi ìnáwó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Níbi ìnáwó kan tá a lọ ni DJ ti gbé "Jingo" sí i, ni mo bá ní orin Santana nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní irọ́ ni mò ń pa, pé ọmọ Yorùbá kan ló kọ ọ́ kí wọ́n tó bí Santana, ẹnì kẹta wá ní òyìnbó kan tó ń jẹ́ Fatboy Slim ló ni ín. Ariwo ọjọ́ yẹn ò kéré. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló jàre nínú àwa mẹ́ta, àwọn wo ló ti kọ orin yìí, ṣé wọ́n tiẹ̀ sanwó fún ẹni tó ni ín, èwo sì ni kí n rà tí mo bá fẹ́ ra àwo?

Ìdáhùn: Àbúrò, ọ̀rẹ́ rẹ ló jàre, àmọ́ ó fi iyọ̀ sí i. Ọdún 1947 ni wọ́n bí Carlos Santana ní Mexico, orin yìí ò sì dé ọjà títí di 1960, nígbà yẹn Santana ti ń ṣe ọmọ ọdún méjìlá, mẹ́tàlá, gìtá ti wà lọ́wọ́ ẹ̀. Fatboy Slim ní tiẹ̀, 1963 ni wọ́n bí i, ẹ yáa yọ ọ́ kúrò nínú ẹjọ́ yìí. Ẹni tó ni orin ni Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Ajido lẹ́bàá Àgbádárìgì, orúkọ tí orin sì ń jẹ́ lára àwo àkọ́kọ́ ni "Jin-Go-Lo-Ba", àwọn tó gbà á lẹ́yìn ló gé e kúrú sí "Jingo".

Kí n tó máa ka orúkọ àwọn tó kọ ọ́ fún ẹ, ohun kan wà tó yẹ kó o mọ̀, torí òun ló fa gbogbo wàhálà tó tẹ̀ lé orin yìí kiri. Orin yìí ò ní ẹsẹ̀ kìíní ẹsẹ̀ kejì, kò sí ìtàn kan tó ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹnì kan á lé e, àwọn yòókù á gbè é, ìlù á dá sí i, wọ́n á tún lé e, ó tán. Lójú tiwa orin tó pé ni, ohun tá a sì máa kọ́kọ́ béèrè ni pé ta ló lé e. Àmọ́ ẹni tó jẹ́ pé orin tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta àti ìtàn ìfẹ́ nínú nìkan ló mọ̀ lórin, tó bá gbọ́ èyí á ní ìlù lásán ni, ohun àjogúnbá ilẹ̀ Áfíríkà ni, kò lólúwa, ẹni tó bá wù kó bù níbẹ̀. Nítorí náà bá a ṣe ń lọ yìí, ohun méjì ni kó o máa ṣọ́ fún mi nínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan: ta ló ń lé, ta ló ń gbè, àti orúkọ ta ni wọ́n tẹ̀ sábẹ́ orin náà lára lébẹ̀lì, bébà roboto tó wà láàárín àwo.

Ọjọ́ 7 oṣù kẹrin 1927 ni wọ́n bí Baba Ọlátúnjí. Apẹja ni bàbá tó bí i, ó sì ti kú kí wọ́n tó bí ọmọ, ìyẹn ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Babátúndé. Ègùn ni ìyá rẹ̀, iṣẹ́ ìkòkò mímọ ló ń ṣe, ọmọ náà ń sọ Ègùn, ó ń sọ Yorùbá. Ṣé o rí i báyìí, kì í ṣe ọmọ Àyàn rárá, kò sẹ́ni tó fi ìlù lé e lọ́wọ́ nínú ìdílé, ohun tó gbọ́ nígbà ọdún àti ìsìnkú àti ìsọmọlórúkọ ló dì mọ́ra. Ní 1950 ló rí sikọ́láṣíìpù Rotary gbà, ó gba ibẹ̀ wọ Morehouse College ní Atlanta, òun àti ìbátan rẹ̀ Akinsola Akiwowo, ẹni tó padà di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ àwùjọ ní Ifẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ló wà lọ́kàn Ọlátúnjí, aṣojú ìjọba nílẹ̀ òkèèrè ló fẹ́ dà. Ó parí ní Morehouse ní 1954, ó kọjá sí New York University láti lọ kọ́ nípa ìṣàkóso ìlú, owó ò sì tó, ni ìlù tó ti ń lù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti fi hàn wọ́n pé Áfíríkà kì í ṣe igbó tí wọ́n ń wò nínú fíìmù bá di ohun tó ń bọ́ ọ. Láti ibẹ̀ ló ti dé Radio City Music Hall, gbọ̀ngàn ńlá yẹn ní New York, ó lùlù pẹ̀lú ọ́kẹ́sírà wọn, àwọn ará Columbia Records rí i, wọ́n fún un ní ìwé àdéhùn.

1959 ni wọ́n gba orin sílẹ̀, Al Ham ni Columbia fi ṣe alábòójútó ẹ̀, 1960 ni àwo jáde, "Drums of Passion" ni wọ́n pè é. Orin mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, mẹ́rin mẹ́rin lójú kọ̀ọ̀kan, "Jin-Go-Lo-Ba" ló kẹ́yìn ojú kìíní. Wọ́n tún fi gẹ̀ẹ́sì tẹ àlàyé kékeré sí ara orúkọ orin kọ̀ọ̀kan, "Jin-Go-Lo-Ba" gan-an ni wọ́n tẹ Drums of Passion sí lára, ìyẹn ni pé orin yìí ló sọ àwo lórúkọ. Akiwowo ìbátan ẹ̀ ló kọ àlàyé ẹ̀yìn páálí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ṣi àwo yìí gbọ́ rèé o. Wọ́n á gbé e sí i, wọ́n á ní kí ló dé táwọn obìnrin yìí ń pe Yorùbá báyìí. Àwọn obìnrin yẹn kì í ṣe ará ilé, púpọ̀ nínú wọn ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni, wọ́n kọ́ orin náà lẹ́nu Ọlátúnjí ní New York, ẹlòmíì nínú wọn tiẹ̀ gba orúkọ Yorùbá mọ́ tiẹ̀, o máa rí Wúràọlá o máa rí Oyinka láàárín orúkọ òyìnbó lára páálí. Bákan náà làwọn onílù: Chief Bey, Taiwo Duvall, Montego Joe, New York ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, àwọn tó ń lù fún ijó àti fún jáàsì. Ọdún 1959 lò ń gbọ́ yẹn o, Nàìjíríà ò tíì gba òmìnira, àwọn ọmọ tí wọ́n kó baba ńlá wọn lọ wá jókòó nínú sítúdíò kan náà pẹ̀lú ọmọ Ajido, wọ́n ń gbè é ní Yorùbá. Tó o bá ń wá gángan tó ń sọ̀rọ̀ bíi ti Ọ̀yọ́, o ò ní rí i níbẹ̀, má sì dá a lẹ́bi torí ẹ̀. Àwo New York ni.

Wá gbọ́ bí wọ́n ṣe tò ó. Ìlù ló fi lélẹ̀, ohùn ọkùnrin kan lé e, ohùn obìnrin púpọ̀ gbè é, ìlù sì wà láàárín wọn bí ẹni kẹta tó ń dá sọ́rọ̀, kì í ṣe pé ó ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Ọ̀nà tí Baba fi ń kọ́ èèyàn nílù nígbà tó dàgbà máa jẹ́ kó yé ẹ dáadáa: gun àti dun ni ó ń pe ohùn ìsàlẹ̀ tó wà láàárín awọ, go àti do ni ti etí ìlù, pa àti ta ni èyí tó o bá fi ọwọ́ gbá a tó dún gan-n. Ẹnu lo fi ń kọ ìlù náà kó o tó fọwọ́ kàn án. Padà wá gbọ́ "jin-go-lo-ba" lẹ́yìn ìyẹn, wàá rí i pé ohun tí ẹnu ń kọ àti ohun tí ọwọ́ ń lù fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀, ẹnu ń ṣe ìlù, ìlù ń ṣe ẹnu. Ìdí nìyẹn tí orin yìí fi rọrùn láti gbé lọ síbikíbi. Ẹni tí ò gbọ́ Yorùbá á gbé e ní ìṣẹ́jú kan, á sì lè kọ ọ́ kó dùn.

Àwo yẹn gbóná ju bí Columbia ṣe rò lọ. Wọ́n yára ní kó ṣe òmíì, "Zungo!" ní 1961, "Flaming Drums" ní 1962, "High Life!" ní 1963, "More Drums of Passion" ní 1966, kò sí èyí tó dé ibi tí àkọ́kọ́ dé nínú wọn. Àmọ́ orúkọ Baba ti wọ ìgboro. Max Roach, onílù jáàsì, pè é sí àwo tó fi bèèrè òmìnira ní 1960, John Coltrane, ọ̀gá nínú àwọn tó ń fun sasofóònù, fi orúkọ rẹ̀ sọ orin kan, "Tunji", ní 1962, Bob Dylan dá orúkọ ẹ̀ nínú orin ní 1963, ojú kan náà tó dárúkọ Martin Luther King. Ó lùlù níbi ìpàtẹ àgbáyé ní New York ní 1964, ó sì dá ibùdó àṣà Áfíríkà sílẹ̀ ní òpópónà 125 ní Harlem, níbi táwọn ọmọdé ti ń kọ́ ìlù àti ijó. Coltrane bá a dá sí owó ibùdó yẹn, ibẹ̀ náà ló sì ti ṣeré ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin 1967, eré tí wọ́n gbà sílẹ̀ kẹ́yìn láyé ẹ̀ torí oṣù keje ọdún yẹn ló kú. Ká padà sórí ọ̀rọ̀ wa.

Ẹni àkọ́kọ́ tó gbé e jìnnà, wàá yà lẹ́nu, ọmọ Faransé ni. Serge Gainsbourg, ní 1964, ó ṣe àwo kan fún Philips tó pè ní "Gainsbourg Percussions", Alain Goraguer ló tò ó fún un, ìlù àti ẹgbẹ́ akọrin obìnrin ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀. Gbọ́ èyí: "Jin-Go-Lo-Ba" ló sọ di "Marabout", "Akiwowo" ló sọ di "New York U.S.A.", "Kiyakiya" ló sọ di "Joanna". Orin mẹ́ta, inú àwo kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ Faransé ló kó lé wọn lórí, ó fi ara ẹ̀ sípò ẹni tó ń lé, ó fi àwọn obìnrin sípò ẹni tó ń gbè, bí Ọlátúnjí ṣe tò ó gẹ́lẹ́ ló tò ó, àmọ́ nígbà tó dórí lébẹ̀lì, orúkọ Gainsbourg nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn kan máa ń gbèjà ẹ̀ pé ayé ìgbà yẹn nìyẹn, mi ò gbà. Àwo Ọlátúnjí ò ṣòro rí, Columbia ló tà á, orúkọ olórin wà gàdàgbà níwájú páálí. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá, ó di ọ̀ràn òfin, kí wọ́n tó fi orúkọ Baba síbi tó yẹ. Mo tún máa sọ òótọ́ fún ẹ, "New York U.S.A." dùn. Olè tó mọ ohun tó dára ni.

Ó wá kan Santana tìẹ. San Francisco, ìparí àwọn ọdún 1960, àwọn onílù kọ́ńgà máa ń péjọ sí Aquatic Park létí omi, ẹni tó bá ní ìlù á gbé tiẹ̀ wá, wọ́n á máa lù ú títí ilẹ̀ á fi ṣú, "Jingo" sì wà lára ohun tí wọ́n ń lù níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti wọ etí àwọn ọmọ Santana. Ìwọ fojú inú wò ó, orin kúrò lẹ́nu ọmọ Ajido, ó wọ àwo ní New York, ó ti orí àwo bọ́ sọ́wọ́ àwọn onílù etí omi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ka ara lébẹ̀lì rí. Ó ti padà di orin ẹnu. Nígbà tí ẹgbẹ́ Santana máa ṣe é, orin àdúgbò ló jẹ́ fún wọn.

Wọ́n ṣe é ní Woodstock lọ́jọ́ 16 oṣù kẹjọ 1969, níwájú èrò tó pọ̀ rẹpẹtẹ, oṣù yẹn kan náà ni àwo wọn àkọ́kọ́ jáde, "Jingo" sì ni wọ́n kọ́kọ́ mú jáde gẹ́gẹ́ bí síńgù, orin tí wọ́n dá tà lọ́tọ̀. Ipò 56 ló dé lórí ìwé Billboard tí wọ́n fi ń to orin nípò ní Amẹ́ríkà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, "Evil Ways" tó tẹ̀ lé e ló fọ́ ilẹ̀kùn. Àmọ́ àwo ńlá yẹn gun òkè dé ipò kẹrin, ó sì tà ju mílíọ̀nù méjì lọ ní Amẹ́ríkà, gbogbo ilé tó bá sì wọ̀, "Jingo" bá a wọlé. Ìyẹn ló fà á tí ìwọ àti ẹgbẹ́ rẹ fi rò pé Santana ló ni ín. Àwa ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pàápàá, wọ́n wá bá wa nílé, Accra ni wọ́n ti ṣeré ní oṣù kẹta 1971, àwọn àti Wilson Pickett àti Ike àti Tina Turner, wọ́n fi ṣe fíìmù, ta ni ò mọ Santana lẹ́yìn ìyẹn.

Gbé ẹ̀dà Santana sétí kó o gbọ́ ohun tí wọ́n yí padà. Ìlù ṣì wà, Carabello lórí kọ́ńgà, Chepito Areas lórí tìmbálì, Michael Shrieve lórí ìlù òyìnbó, wọn ò fi ìlù ṣeré. Àmọ́ àwọn obìnrin ti lọ. Àwọn ọkùnrin ló ń pariwo "jingo" pa pọ̀, kò sẹ́ni tó ń lé é kí ẹlòmíì gbè é, ẹnu kan náà ni gbogbo wọn, ẹni tó wá ń dá wọn lóhùn ni ọ́gàànù Gregg Rolie àti gìtá Carlos. Ibi tí ọpọlọ wọn wà nìyẹn. Wọ́n rí i pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbè é, wọ́n fi iná mànàmáná gbè é. Àwọn ẹgbẹ́ róòkì tí mo ti gbọ́ tí wọ́n gbìyànjú orin yìí lẹ́yìn wọn, Santana ni wọ́n ń kọ, kì í ṣe Ọlátúnjí, ọ́gàànù yẹn ni wọ́n máa ń wá bí wọ́n ṣe máa ṣe.

Ọ̀rọ̀ owó tó o béèrè, ó fẹ́ àlàyé díẹ̀, fara balẹ̀. Ẹ̀tọ́ méjì ló wà nínú orin tó bá wà lórí àwo. Ọ̀kan ni ti orin fúnra ẹ̀, ti ẹni tó dá a sílẹ̀, èkejì ni ti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, ti kọ́ńpìnnì tó sanwó sítúdíò ni ọ̀pọ̀ ìgbà. Nígbà tí Santana tún orin yẹn ṣe pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn, ohùn àtijọ́ ò sí níbẹ̀, ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́ nìkan ló kàn wọ́n. Òfin Amẹ́ríkà sì sọ láti 1909 pé tí orin bá ti jáde lórí àwo lẹ́ẹ̀kan, ẹnikẹ́ni lè tún un ṣe láìtọrọ àyè, kó ṣáà ti san iye tí òfin dá lórí àwo kọ̀ọ̀kan. Ṣé o mọ iye yẹn? Sẹ́ǹtì méjì. Láti 1909 títí dé 1977, sẹ́ǹtì méjì, gaàrí ń wọ́n, ilé ń wọ́n, sẹ́ǹtì méjì ò yí. Ṣe ìṣirò ẹ̀: àwo mílíọ̀nù kan, sẹ́ǹtì méjì lórí ìkọ̀ọ̀kan, 20,000 dọ́là, ẹni tó ń bójú tó ìwé orin náà á sì mú ìpín tiẹ̀ níbẹ̀ kó tó kan olórin. Torí náà bí wọ́n bá tiẹ̀ san gbogbo ẹ̀ pérépéré, kì í ṣe owó tó ń sọ èèyàn di olówó.

Ìyẹn sì jẹ́ nígbà tí orúkọ bá wà lára lébẹ̀lì o. Tí orúkọ ò bá sí, sẹ́ǹtì kan ò ní mọ ọ̀nà ilé. Ìdí tí mo fi ń pariwo lébẹ̀lì nìyẹn, àwọn èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ lásán ni, ọ̀nà tí owó ń gbà rìn ni. Lára àwo Santana tí wọ́n ń tà lónìí, orúkọ Ọlátúnjí ló wà níwájú "Jingo". Ohun tó tún yani lẹ́nu ni pé Columbia ló ni àwo Ọlátúnjí, Columbia náà ló gbé Santana jáde, Columbia náà ló ni àwo Dylan tó dárúkọ Baba. Ohun tí ọmọ Ajido gbìn, ojú ọ̀nà mẹ́ta ni kọ́ńpìnnì kan náà ti kórè ẹ̀.

Ti Gainsbourg yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tó bá kó ọ̀rọ̀ tuntun lé orin olórin, tó yí orúkọ ẹ̀, ó ti kọjá àtúnṣe, ó gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ oní-nǹkan. Kò tọrọ.

Ẹ̀dà tí mo fẹ́ràn jù, yàtọ̀ sí ti Baba, kò sí nínú àwọn tó o dárúkọ. Ti Candido ni. Candido Camero, ọmọ Havana, 1921 ni wọ́n bí i, òun wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó to kọ́ńgà mẹ́ta síwájú tó yí wọn sí ohùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kó lè máa kọ orin lórí wọn. Cuba ni, ilẹ̀ tí àwọn Lùkùmí, ìran Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀, gbé ìlù àti òrìṣà wa pamọ́ sí, torí náà nígbà tí Candido gbé ọwọ́ lé "Jingo", kì í ṣe àlejò. Ó tún mọ Ọlátúnjí tipẹ́tipẹ́, àwọn méjèèjì jọ lùlù nínú àwo "Uhuru Afrika" tí Randy Weston gbà sílẹ̀ ní New York ní 1960. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún, ní 1979, Salsoul Records, kọ́ńpìnnì dísíkò, mú Candido wọ sítúdíò, wọ́n ṣe "Jingo" tó ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí àwo ínṣì 12 fún àwọn DJ.

Má jẹ́ kí orúkọ dísíkò lé ẹ sá. Ìlù gbọ̀ngbọ̀n yẹn wà lábẹ́ lóòótọ́, kò yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àmọ́ àyè tó fi sílẹ̀ lórí fẹ̀, ibẹ̀ sì ni Candido ti ń ṣe ohun tó wù ú. Kọ́ńgà ló ń lé. Ẹgbẹ́ akọrin tún padà wá, wọ́n ń gbè é. Ibì kan máa dé láàárín orin, wọ́n á kó gbogbo nǹkan kúrò, á ku ìlù nìkan, á sì pẹ́ níbẹ̀ dáadáa, àwọn DJ ìgbà yẹn máa ń ra àwo méjì, tí ti ọ̀tún bá ti fẹ́ kúrò níbẹ̀ wọ́n á gbé ti òsì wọlé, kí ibi ìlù yẹn má tán. Gbọ́ Ọlátúnjí, gbọ́ Candido tẹ̀ lé e, fo Santana ná, o máa rí i pé àwọn méjèèjì sún mọ́ ara wọn ju bí ọdún ogún ṣe yẹ kó yà wọ́n lọ.

Láti ìgbà yẹn, àwọn oníjó alẹ́ ló gba orin náà. Jellybean, John Benitez láti Bronx, ẹni tó ṣe "Holiday" fún Madonna, gbé tiẹ̀ jáde ní 1987, ẹ̀rọ ló fi ṣe ìlù púpọ̀ nínú ẹ̀, ó sì dé ipò 12 ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ni pé lórí ìwé, ó ṣe dáadáa ju ibi tí Santana dé ní Amẹ́ríkà lọ. FKW tún gbé e wá ní 1994, ó wọ ipò 30 níbẹ̀ náà. Fatboy Slim, Norman Cook gan-an lorúkọ ẹ̀, ṣe tiẹ̀ nínú "Palookaville" ní 2004, ohun tí mo fi yìn ín ni pé ó dá orúkọ orin padà sí bó ṣe wà, "Jin Go Lo Ba", ó tún jẹ́ kí àwọn ọmọ tí ò mọ Santana mọ̀ ọ́n. Ọdún 2004 yìí kan náà ni ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà, Library of Congress, mú "Drums of Passion" mọ́ àwọn àwo tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ parun.

Baba ò rí méjèèjì. Ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 2003 ló kú ní California, ó ku ọjọ́ kan kó pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Àmọ́ má rò pé ó lọ pẹ̀lú ìbínú sí Santana o. Ní òru àìsùn ọdún 1985, Mickey Hart tó ń lùlù fún ẹgbẹ́ róòkì Grateful Dead ló pè é wá ṣíde eré wọn ní Oakland, ìlẹ̀kùn sì tún ṣí fún un. Nígbà tó wá gba àwo tuntun sílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Carlos Santana fúnra ẹ̀ ló ta gìtá níbẹ̀, Airto Moreira ọmọ Brazil náà wà níbẹ̀. Gìtá yẹn ò pariwo, ó gba ẹ̀yìn, ó ń gbè. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni Santana ti lóye orin "Jingo" jù, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe "Jingo" ni wọ́n ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ àwo rírà ló kù. Tó o bá fẹ́ ojúlówó ti 1960, wo àárín àwo, lébẹ̀lì Columbia ìgbà yẹn ní àmì ojú mẹ́fà, mẹ́ta lápá ọ̀tún mẹ́ta lápá òsì, nǹkan bí 1962 ni wọ́n pa á rẹ́. Nọ́ńbà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú CS, CS 8210, sítẹ́rìò ni, CL 1412 ni mónò. Àwọn agbáwojọ máa sọ fún ẹ pé mónò níyì jù, orí àwo jáàsì wọ́n lè jàre, lórí èyí wọn ò jàre rárá, sítẹ́rìò ni kó o rà torí òun lo ti máa gbọ́ bí ìlù àti ohùn ṣe dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń dá ara wọn lóhùn. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta èyí tó ti há fún ẹ pé ojúlówó ni, Columbia tẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó ṣì máa ń jáde lẹ́yìn òkú àwọn bàbá tó lọ ka ìwé lókè òkun nígbà yẹn, owó ẹ̀ kì í sì í pọ̀. Santana, èyíkéyìí tó o bá rí, gbogbo wọn dára. Gainsbourg, tó bá bọ́ sí ẹ lọ́wọ́, kọ́kọ́ ka orúkọ tó wà lábẹ́ "Marabout", kó o lè mọ̀ bóyá ti ìgbà olè lo mú tàbí ti ìgbà ìdájọ́. Candido, wá ti ínṣì 12, má mú èyí tí wọ́n gé kúrú fún rédíò torí ibi ìlù gan-an ni wọ́n gé. Ti Fatboy Slim, gbọ́ ọ lórí fóònù, má náwó lé e.